Òkú kì í ṣẹ́jú: nípa chip tí debugger ò rí mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Blue Pill ni mò ń lò, bọ́ọ̀dù kékeré tó ní chip STM32F103C8T6 ti ilé iṣẹ́ ST, pẹ̀lú ST-LINK, ìyẹn debugger tó so chip mọ́ kọ̀ǹpútà kí a lè fi ètò sí i. Ètò àkọ́kọ́ tí mo fi sí i wọlé láìsí wàhálà, títí di báyìí iná ara bọ́ọ̀dù náà ṣì ń ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fi ètò kejì sí i, "No target connected" ló kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ dráífà ST-LINK kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí mo tún fi í padà. Ẹnì kan tó máa ń tún nǹkan ṣe ní chip ti jóná, kí n ra òmíràn. Mo rà á, bákan náà ló tún ṣe. Dráífà wo ni kí n lò?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi dráífà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ dráífà ni, tàbí okùn USB tí iná nìkan ń gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tí ẹ máa rí ni pé kò sí ST-LINK rárá. "No target connected" kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti rí ST-LINK, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀. ST-LINK ló ń pe chip tí chip ò dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ "ó ti jóná" yìí ti sú mi. Ṣé ẹni tó sọ ọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n? Ṣé ó fọwọ́ kan chip bóyá ó gbóná? Ẹ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan, kò dáhùn, ẹ bá ní ó ti kú, ẹ ń wá pósí! Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé iná ń ṣẹ́jú. Ta ló ń ṣẹ́ ẹ? Chip náà ni. Òkú kì í ṣẹ́jú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹsẹ̀ méjì ni debugger fi ń bá chip yìí sọ̀rọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní SWD: PA13, tí í ṣe SWDIO, àti PA14, tí í ṣe SWCLK. Tí chip bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ọwọ́ debugger ni ẹsẹ̀ méjèèjì wà. Ṣùgbọ́n ètò tó wà nínú chip láṣẹ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú STM32CubeMX, ohun èlò ST tó ń bá ènìyàn kọ ìbẹ̀rẹ̀ ètò, bí ẹ bá ń lo ìdílé F1 tí chip yín wà nínú rẹ̀, tí ẹ ò sì lọ sí SYS kí ẹ yan "Serial Wire" níbi tí wọ́n kọ Debug sí, yóò fi ìlà kan sínú ètò yín tó ń ti SWD pa. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ètò àkọ́kọ́ fi wọlé wẹ́rẹ́, nítorí kò tíì sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Òun ló wá wọlé tó tì í látinú. Bọ́ọ̀dù kejì náà, ètò kan náà lẹ fi sí i, àbí?

Ohun tí ẹ máa ṣe kò ju kí ẹ dé ẹnu ọ̀nà kí ètò náà tó jí. Lórí Blue Pill, ẹ gbé jọ́ǹpà BOOT0 (ìdè kékeré tí à ń yọ tí à ń gbé kiri) lọ sí 1, ẹ fi BOOT1 sílẹ̀ ní 0, kí ẹ tẹ bọ́tìnì reset. Báyìí, ètò tí ST fúnra wọn ti fi sínú chip láti ilé iṣẹ́ ni yóò ṣiṣẹ́, tiyín á dákẹ́. Ẹ tẹ Connect nínú STM32CubeProgrammer, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ nǹkan sínú chip, yóò rí i. Ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ẹ dá BOOT0 padà sí 0, ẹ yan Serial Wire nínú CubeMX kí ẹ tó kọ ètò mìíràn.

Ọ̀nà kejì ni "Under reset", kí debugger wọlé nígbà tí a ṣì di chip mú nínú reset. Ìyẹn gba kí wáyà kan ti ibi NRST (ẹsẹ̀ reset) debugger lọ sí ibi tí wọ́n kọ R sí lára bọ́ọ̀dù, nítorí àwọn ẹsẹ̀ mẹ́rin tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún debugger kò ní i nínú. Àwọn ayédèrú ST-LINK kékeré kan wà tí ẹsẹ̀ RST wọn kì í ṣiṣẹ́ fún STM32, torí náà mo fẹ́ràn BOOT0 jù.

Bí kò bá ṣì gbọ́, ẹ yẹ wáyà wò. GND, wáyà ilẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Mo ti lo odidi alẹ́ kan rí lórí wáyà GND tó ti já nínú rọ́bà rẹ̀, ojú sì ti mí. Ẹ lo wáyà kúkúrú, ẹ dín eré SWD kù láti 4 MHz sí 480 kHz. Bó bá jẹ́ ojúlówó ST-LINK/V2 lẹ ní, ẹ rántí pé ẹsẹ̀ VTref rẹ̀ kì í fún bọ́ọ̀dù níná, ó kàn ń wo iye iná tó wà lára bọ́ọ̀dù ni. Ẹ ní láti fún bọ́ọ̀dù níná láti ibòmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo OpenOCD, ètò mìíràn tó ń bá debugger ṣiṣẹ́, bó bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ 0x1ba01477 lòun ń retí àmọ́ 0x2ba01477 lòun rí, a jẹ́ pé chip dáhùn o. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ti ST ni.

Mi ò sọ pé chip kì í jóná. Ìwé ST fún F103 ní iná tó wọ VDD, ẹsẹ̀ tí chip fi ń gba iná, kò gbọdọ̀ kọjá 4.0 V, nítorí náà bí ẹ bá ti fi 5 V sí ẹsẹ̀ 3.3 V rí, ó lè jẹ́ òótọ́ ni ẹni yẹn sọ. Mi ò rí bọ́ọ̀dù yín, ohun tí ẹ kọ ni mo ń dáhùn. Tí chip bá ń gbóná janjan láìṣe nǹkan kan, ẹ yọ iná kíá.

Ẹ̀bẹ̀ kan: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ "ṣí i" nínú Option Bytes, ibi tí ààtò ààbò chip wà, ẹ má dá a lóhùn. Ìṣòro tiyín kò sí níbẹ̀. Lórí àwọn ìdílé bíi F4, ẹni tó bá ṣèèṣì yan RDP (ààbò tí kì í jẹ́ kí a ka ohun inú chip) ìpele 2 ti ti debugger síta títí láé. Ìyẹn gan-an ni kò ní àtúnṣe.

Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ńkọ́? Bí ẹ ò bá tíì jù ú nù, ẹ wá a jáde, kí ẹ ṣe é bákan náà.