Owó ilé-ìwé ọmọ lo ń tà láwìn

O fẹ́ kí n bá ọ wá ọ̀rọ̀ tí o máa kọ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Kubwa, l'Ábújá, ọ̀rọ̀ tó máa sọ òfin àwìn fún àwọn oníbàárà rẹ tí kò sì ní bí ẹnikẹ́ni nínú. O tún fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ méje ló yẹ kí o fún wọn láti sanwó, àbí mẹ́rìnlá, àbí kí o dúró de ìparí oṣù. Ènìyàn mọ́kànlá ló jẹ ọ́ lówó ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí àti òróró, 412,000 náírà lápapọ̀. O to gbogbo wọn sílẹ̀ fún mi, iye tí kálukú jẹ, àdúgbò tó ń gbé, títí kan àwọ̀ mọ́tò ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn tí o ti kí mi pé ó dàbọ̀, o wá fi gbólóhùn mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ ìwé:

"Ti àwọn tó yá mi lówó kò le, Àǹtí. Tí Ọjọ́rú bá dé tí 25,000 wọn kò pé, mo máa ń yọ díẹ̀ nínú owó ilé-ìwé tí bàbá àwọn ọmọ ní kí n bá òun tọ́jú. Mo máa dá a padà."

Àbúrò, pátákó wo lo ń béèrè lọ́wọ́ mi? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí o ò ṣe. O yá 500,000. Ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fún ọ, 25,000 lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 600,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ 100,000, o sì lè máa rò pé kò burú jù, nítorí pé ìdá márùn-ún owó náà ni. Ó burú. Owó náà kò jókòó sọ́wọ́ rẹ fún ọ̀sẹ̀ 24. Láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní lo ti ń dá a padà, nígbà tó bá sì fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, 300,000 ti padà sọ́wọ́ wọn. Owó tó ń dín kù lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo Ọjọ́rú lo ń san èlé odidi lé lórí. Àwọn tó yá ọ lówó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ọjọ́, wọ́n ní kí ẹ̀yin obìnrin inú ẹgbẹ́ ṣe onídùúró fún ara yín, kó lè jẹ́ pé tí ìwọ bá yẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ló máa kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn rẹ.

Ohun tí o wá fi owó olówó yìí ṣe ni pé o kó o fún àwọn tó ń gba owó oṣù, láìgba èlé kankan, láìdá ọjọ́. Nínú 500,000 tí o yá, 412,000 wà nínú ilé onílé. Wọ́n ti se é jẹ. Ọjọ́rú kò sì bìkítà.

Irú lẹ́tà yìí pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ń wá láti Nyanya, ó ń wá láti Mararaba, láti Minna, láti Kaduna. Ọjà ló ń yàtọ̀, aṣọ ni tẹnìkan, epo ni tẹlòmíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń tajà láwìn kò lówó tó ẹni tó ń rà á. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Talákà ló ń bá olówó oṣù gbé ẹrù oṣù rẹ̀.

Wo ìyàwó ọ̀gá tó ń gbé Gwarinpa. 96,000 láti ìgbà Iléyá. O ní o kò lè bi í léèrè nítorí pé ó máa ń bọ̀wọ̀ fún ọ, ó sì máa ń pè ọ́ ní àbúrò òun. Kí ló dé tí àbúrò kò lè gba owó rẹ̀? O ní o máa ń fi "ẹ kú àárọ̀ mà" ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó lè rántí. Ó rántí, àbúrò. Ó rántí dáadáa. Ó tún mọ̀ pé o ò ní bi òun. Alhaji tó jẹ ọ́ ní 38,000 ńkọ́, tó dá ọ lóhùn pé "bashi hanji ne", pé gbèsè dà bí ìfun, kò sí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀? O rẹ́rìn-ín, o sì tún wọn ẹ̀wà mudu mẹ́rin fún un. Ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n lè dá ara mi lójú.

Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ló tilẹ̀ ṣe mí láàánú jù, nítorí pé òun gan-an kò lè san án. O ní owó oṣù tó kéré jù lọ ló ń gbà. 70,000 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024. Ìwọ gbé àpò ìrẹsì 72,000 fún un, o ní kó san án níparí oṣù. Kí ni kó fi wọ ọkọ̀ láti Kubwa? Kí ni kó fi san owó ilé? Kí a fún ènìyàn láwìn tó ju gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pàdánù oníbàárà nìyẹn. Ọkùnrin náà ti ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjá báyìí, o sì ń ṣe kàyéfì ohun tí o ṣe fún un. Mudu márùn-ún ni ò bá wọ̀n fún un, kó san án, kó tún padà wá.

Àpò tí o tà ní 72,000 yẹn, o ní 69,000 lo rà á. Èrè rẹ jẹ́ 3,000. Tí ìránṣẹ́ yìí kò bá san án, o ní láti ta àpò 23 mìíràn lówó kí o tó padà síbi tí o wà tẹ́lẹ̀, láìjẹ èrè kankan lórí wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó tí o máa fi ta àpò 23? Ìwọ lo mọ̀.

Tí wọ́n bá sì pẹ́ kí wọ́n tó san, ìyà ṣì jẹ ọ́. NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé ní December 2024, ọjà ti gbówó lórí ní 34.80% láàárín ọdún kan. Ọjà tí wọ́n rà ní 100,000 ní December 2023 ti ń sún mọ́ 135,000. Kí ẹnìkan wá ka 100,000 lé ọ lọ́wọ́ nígbà náà fún ọjà ọdún tó kọjá, kó tún rò pé òun ti san gbèsè! Má bi ara rẹ pé, "Ṣé ó ti san án?" Bi ara rẹ pé, "Ṣé owó yìí á ra ohun tó gbé lọ?"

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní àwìn kò dára. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àwọn bàbá wa, àwọn òṣómàáló, àwìn ni wọ́n ń tà, ó sì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn dolówó. Ṣùgbọ́n owó àwìn wọn ju owó ọwọ́ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbowó ti wà nílẹ̀ kí aṣọ tó kúrò léjìká wọn. Tí ọjọ́ náà bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ìtìjú onígbèsè ni wọ́n ń tà á fún. Ìwọ ń fi ìtìjú tìrẹ san gbèsè ẹlòmíràn.

O bi mí bóyá kí o mú ọlọ́pàá lọ bá wọn. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí pé ó kàn yẹ àdéhùn, gbèsè ọjà kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dára, òfin rẹ nìyí, níwọ̀n ìgbà tí o ti ní dandan. Títí tí o fi máa san Ọjọ́rú tó kẹ́yìn, kò sí àwìn. Fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ọjọ́ méje, kò sí mẹ́rìnlá. Ẹni tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè máa gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn lóṣooṣù. Ibi tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà láàárín wọn ti ń jáde ni àpò ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ. Nígbà tí o bá bọ́ nínú ẹ̀yáwó yìí, tí o sì ní èrè tó jẹ́ tìrẹ, o lè yọ díẹ̀ nínú èrè náà, kì í ṣe nínú owó ọjà, fún ẹni tó ti ń rajà lówó lọ́wọ́ rẹ tó ọdún kan. Kó san ìdajì kó tó gbé e, kó fọwọ́ sí ìwé, kí òun náà ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ìwé gidi ni mo wí o, kì í ṣe ẹ̀yìn páálí tí o ní o ń kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ gbèsè lọ́wọ́, kò gbé tuntun, ì báà jẹ́ iyọ̀.

Pátákó tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú kò sí ní Kubwa. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹni tó bá tìtorí pé o kò tajà fún un láwìn mọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kẹ́dùn.

Lálẹ́ òní, kí bàbá àwọn ọmọ tó sùn, sọ iye tó ṣẹ́kù nínú owó ilé-ìwé fún un. Iye náà gan-an, kì í ṣe "díẹ̀". O kọ iye tí gbogbo ẹni mọ́kànlá jẹ ọ́, o ò kọ iye tí ìwọ jẹ àwọn ọmọ rẹ, bẹ́ẹ̀ ni o ò sọ ọjọ́ tí ilé-ìwé ń wọlé. Ó dà bíi pé o ò tíì kà á. Kà á. Bàbá wọn máa bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ilé-ìwé.

Tó bá di àárọ̀ Sátidé, nígbà tí ìyàwó ọ̀gá máa wà nílé, wọ ọkọ̀ lọ sí Gwarinpa. Má fi ohunkóhun ránṣẹ́ ṣáájú. Kí i dáadáa, sọ fún un pé 96,000 ni, kí o sì jókòó. Tó bá fún ọ lómi, mu ún. Tó bá ní kí o máa lọ ná, pé òun máa fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ, sọ pé o ti mú fóònù rẹ dání.