Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé oògùn họ́mọ̀nù lè dáàbò bo ọkàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 62 ni mí, láti 49 ni nǹkan oṣù mi ti dá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga. Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́mọ̀nù obìnrin ló ń ṣọ́ ọkàn wa nígbà tá a ṣì kéré, pé kí n ra oògùn rẹ̀ ní kẹ́mísìtì. Ṣé kí n rà á? (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á, Mà. Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀.

Ẹ́sítírójìn ni họ́mọ̀nù náà ń jẹ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà kiri bí oníṣẹ́, kò sì lè jíṣẹ́ àfi tó bá bá risẹ́pítọ̀ tirẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun tó ń gbà á bí ihò kọ́kọ́rọ́ ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́. Méjì tó gbajúmọ̀ jù ni alfa àti bẹ́tà. Wọ́n wà nínú ilé ọmọ, ọmú, egungun, ẹ̀dọ̀, ẹran ọkàn, àti nínú awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ní wọn. Tí ẹ́sítírójìn bá so mọ́ alfa nínú awọ fẹ́lẹ́ yẹn, awọ náà á tú gáàsì náítíríìkì ọ́sáìdì jáde, òpó ẹ̀jẹ̀ á sì dẹ̀.

Ní 1994, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí alfa rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ́sítírójìn pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò ríbi jíṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 31, àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ nínú òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀.

Ibi tó ti kàn yín rèé. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, tí ọ̀rá sì ń lẹ̀ mọ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀, alfa ń dínkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti inú ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ sì ni oògùn tá a gbé mì ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Ẹ̀dọ̀ á wá pèsè èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sí i. Nínú ìwádìí ńlá kan nípa ìlera obìnrin ní Amẹ́ríkà, Women's Health Initiative, tí wọ́n dá dúró láìpé ọjọ́ ní 2002, obìnrin 16,608 ló kópa, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ 63. Nínú 10,000 tó lo ẹ́sítírójìn pẹ̀lú projẹ́sítíìnì (họ́mọ̀nù kejì tó ń dáàbò bo ilé ọmọ), 37 ló ní àìsàn ọkàn lọ́dún. Nínú àwọn tí kò lò ó, 30. Rọpárọsẹ̀ jẹ́ 29 sí 21.

Dókítà lè kọ ọ́ fún obìnrin tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dá ju ọdún 10 lọ, tí ooru ara kò jẹ́ kó sùn. Nítorí ooru náà ni, kì í ṣe nítorí ọkàn. Ẹni tó ní ilé ọmọ kò gbọ́dọ̀ lo ẹ́sítírójìn nìkan, torí ó lè fa jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Tó bá ń dé 135/85 nílé, ó ti di ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà àti kolẹ́sítírọ́ọ̀lù náà wò. Tí èémí bá ń já yín lójijì, tàbí tí àyà, ẹ̀yìn tàbí párì ń dùn yín, tàbí tí èébì ń gbé yín pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Ẹ má pè é ní ọgbẹ́ inú.

ÌBÉÈRÈ: Abẹ́rẹ́ tẹsitọ́stírọ́ọ̀nù, họ́mọ̀nù ọkùnrin, tí wọ́n ń tà ní jíìmù ńkọ́? (Arákùnrin kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹran ọkàn ní risẹ́pítọ̀ họ́mọ̀nù yìí náà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gún ní jíìmù sábà máa ń ju ti dókítà lọ fíìfíì: ẹran ọkàn á nípọn, kolẹ́sítírọ́ọ̀lù dáadáa á lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ki. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbà á, ẹ lọ yẹ PCV wò, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ yín. Tó bá ti ju 54 lọ, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ rí dókítà.