Ọmọ Tó Ń Sunkún Nítorí Àgbò Iléyá Kò Ní Ẹ̀mí Àìrí Kankan Lára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́fà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa àgbò Iléyá nílé wa ní Ìsọ̀kun, Iléṣà, ni kò ti fẹ́ sún mọ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Kò jẹ nínú ẹran náà, ó sì ń sunkún lóru. Ààfáà kan ní ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú, pé kí n wá gba tírà àti hàntú ọjọ́ méje, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Àlùkùránì kúrò lójú wàláà fún mímu. Màmá mi, tí í ṣe onígbàgbọ́, ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé ọdún yìí fún un tí yóò fi yé e?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi owó hàntú yẹn ra mílíìkì fún ọmọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Irú ìbéèrè yìí kì í wọ́n lẹ́yìn Iléyá, ohun kan náà ló sì sábà ń fà á: ìtàn tí wọ́n sọ fún ọmọ kí wọ́n tó pa àgbò.

Ẹ rọra bi í pé, "Kí ni wọ́n sọ fún ẹ nípa àgbò yẹn?" Ó ṣeé ṣe kó ní Ọlọ́run ní kí bàbá kan pa ọmọ rẹ̀, bàbá náà sì gbà. Ìgbọràn ni àgbàlagbà ń gbọ́ nínú ìtàn yìí. Ọ̀bẹ ni ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbọ́. Ó rí bàbá tirẹ̀ tó di ọ̀bẹ mú láàárọ̀ ọdún, ó wo ara rẹ̀, ó sì ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ orí yẹn, bí a bá ṣe sọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ń gbà á. Ẹ ń rò pé àgbò ló ń dùn ún. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á pé ó máa tó kan òun.

Ibi tí àwọn òbí ti ń ṣì í nìyí: ibi àṣẹ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ànọ́bì Ibrahim, bí ẹni pé nítorí bàbá tó fẹ́ pa ọmọ la ṣe ń ṣọdún. Nítorí pé wọn kò pa ọmọ la ṣe ń ṣe é. Nítorí náà, ẹ ti ẹ̀yìn ìtàn bọ̀: "Ọjọ́ Iléyá là ń rántí pé Ọlọ́run ní kí bàbá kan má fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ò kú, ó dàgbà, òun náà bímọ. Àgbò la máa ń pa, a ò ní pa ọmọ láéláé. A ń jẹ nínú ẹran náà, a sì ń fún àwọn tí kò ní." Ó tó bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni kó sọ ọ́, nítorí òun ni ọmọ ń sá fún. Kó jẹ́ ọ̀sán, kí ọ̀bẹ má sì sí nítòsí. Bí ọmọ bá bi í pé, "Ṣé Ọlọ́run máa ní kẹ́ ẹ pa èmi náà?", èsì kan ṣoṣo ló wà: "Rárá." Ẹ má fi "bí o bá ṣáà ń gbọ́ràn" tì í lẹ́yìn, kó má baà di ìhàlẹ̀.

Ẹ má parọ́ fún un pé àgbò ti lọ sí Mẹ́kà. Ó rí awọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ní ti ìyá yín, Jẹ́nẹ́sísì orí 22 ní Ísáákì ni ọmọ náà. Àlùkùránì kò dárúkọ rẹ̀ níbi tó ti sọ ìtàn náà ní Súrà 37. Ismaila ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ Ìsìláàmù gbà pé ó jẹ́. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ: "Ísáákì ni Bíbélì màmá àgbà wí, Ismaila làwa ń wí." Kò ní da orí ọmọ rú, àgbàlagbà ló ń jà lé e lórí. Kí ẹ̀yin onígbàgbọ́ náà má sì rẹ́rìn-ín: ìṣó àti ẹ̀jẹ̀ ni ẹ máa ń fi han ọmọ kékeré ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí ó bá di òwúrọ̀ Àjíǹde, oorun ló ń sùn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá bi léèrè ajá Ògún náà, kó rántí pé ìbẹ̀rù kan náà ló lè wà nídìí rẹ̀.

Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ má mú àgbò wálé ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ ṣáájú ọdún. Ọmọ tó bá fún un ní ewé jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti sọ ọ́ lórúkọ, ó ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má fipá mú un wo bí wọ́n ṣe ń pa á; ẹ̀sìn kò béèrè ìyẹn. Ìlànà ẹ̀sìn ni pé kí a má pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, kí a má sì pa ọ̀kan lójú èkejì. A ń ro ti ẹran, a wá ń fa ọmọ síwájú! Ẹ̀yìn ìrun Yídì ni wọ́n ń pa àgbò, nítorí náà ẹ lè ti Yídì mú ọmọ lọ kí àwọn ẹbí ná.

Iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹran. Wọ́n fẹ́ràn kí á pín in sọ́nà mẹ́ta: ti ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti aláìní; kì í ṣe dandan kó dọ́gba. Ẹ kó ti ilé méjì sínú ọ̀rá fún un, ẹ sọ orúkọ ẹni tó ni ín, kó gbé e lọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ọ̀kan jẹ́ ilé onígbàgbọ́ tó ń gbé ìrẹsì wá fún yín nígbà Kérésì. Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ló máa yé e jù nínú gbogbo àlàyé ọdún.

Mi ò rí ọmọ náà o, nítorí náà n kò lè búra. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má dúró: ibà lè mú ọmọ sunkún lóru. Bí àìjẹun tàbí àìsùn bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ẹ má fún un ní hàntú mu. A kò mọ irú tàdáwà (yíǹkì) tó wà lójú wàláà, a kò sì mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Bí wòlíì bá sì ní kó gbààwẹ̀, ẹ kọ̀ fún un. Ẹran tí kò fẹ́ jẹ, ẹ fi sílẹ̀, ẹ dín ẹja fún un.