Ẹ Bèèrè, A Ó Dáhùn: Ọkọ̀ Ojú Odò ní Yúróòpù, Oúnjẹ Wọn Ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwa obìnrin mẹ́fà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ti ń dá owó jọ, a fẹ́ lọ ṣe ọgọ́ta ọdún wa lókè òkun tá a bá ti ṣe Ojúde Ọba tán, wọ́n ní ọkọ̀ kan wà ní Yúróòpù tó máa ń gbé èèyàn lórí odò láti ìlú dé ìlú. Ẹnì kan nínú wa ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ omi rárá torí ó máa ń bì, àwa mẹ́ta jẹ́ Mùsùlùmí a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo wa la sì fẹ́ràn ata. Odò wo ni ká lọ, ṣé oúnjẹ wọn ṣeé jẹ, físà ńkọ́? (Ìyá Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin màmá wa, ẹ ó ṣe àádọ́rùn-ún láyọ̀. Ẹ bá mi fi ọkàn ẹni tó ń bì yẹn balẹ̀ ná. Odò kì í ṣe òkun, kò sí ìgbì tó ń gbé ọkọ̀ sókè gbé e sílẹ̀, ẹ ó máa rí ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ ọ̀hún lè gùn tó mítà 135 ṣùgbọ́n tínínrín ni, kì í fẹ̀ ju mítà 11 àti díẹ̀ lọ, torí pé ó gbọ́dọ̀ gba inú àwọn ibi tí wọ́n sé omi sí lójú odò kọjá, ibẹ̀ ò sì fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èrò inú ẹ̀ kì í fi í pọ̀ bíi ti ọkọ̀ òkun, wọn kì í sábà tó igba. Lóru ló máa ń rìn jù, ẹ̀yin ti sùn, ilẹ̀ á mọ́ ẹ ó ti wà ní ìlú mìíràn.

Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń yàn fún yín, Danube ni mo máa mú, láti Passau ní Jámánì lọ sí Budapest ní Họ́ngárì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Odò Rhine náà dáa, àwọn ilé olódi ayé àtijọ́ pọ̀ lórí òkè ẹ̀, Cologne wà níbẹ̀ pẹ̀lú kàtídírà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1248 tí wọn ò parí títí di 1880, ṣùgbọ́n ẹ ti ní ẹ fẹ́ràn ata, Danube ló ń gbéni lọ sílẹ̀ ata.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí o. Oúnjẹ inú ọkọ̀ pọ̀, àárọ̀ ọ̀sán alẹ́, owó ẹ̀ ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó sínú ọkọ̀ máa jẹ, kúkù ọkọ̀ sì nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ se nǹkan tí gbogbo èrò á lè gbé mì, kò ní í ta, kò ní í korò, kò ní í ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ìlú ńlá, ẹ má jẹun ọ̀sán nínú ọkọ̀. Ẹ bá ẹni tó ń mú yín wòlú rìn láàárọ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n fi hàn yín, tó bá ti parí kí ẹ wá ilé oúnjẹ tí àwọn ọmọ ìlú ń wọ̀.

Láàárín Melk àti Krems ní Ọ́síríà, ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá kí èrò lè rí i, Wachau ni wọ́n ń pe agbègbè náà, nǹkan bíi kìlómítà 36, ọgbà àjàrà ni lápá méjèèjì. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó wà lórí òkè ní Melk, láti 1089 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, ibi ìkàwé wọn nìkan tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ gun òkè. Wáìnì lọ̀pọ̀ ń tìtorí ẹ̀ lọ sí Wachau, ẹ̀yin tẹ́ ò mu ọtí, ẹ béèrè omi èso apricot, òun gan-an ni iyì agbègbè yẹn, oṣù Keje ló máa ń pọ́n. Wọ́n ń fi ṣe jáàmù, wọ́n sì ń fi sínú kéèkì.

Ní Vienna, olú ìlú Ọ́síríà, ibi tí ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, ṣùgbọ́n ẹ rọra rìn dé ibùdókọ̀ Vorgartenstraße, ẹ wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ U1, Stephansplatz ni kẹ́ ẹ sọ̀, iwájú kàtídírà ló máa já yín sí. Láti ibẹ̀ ẹ lọ sí ọjà Naschmarkt, ẹ má lọ lọ́jọ́ Sunday torí wọn kì í tajà. Ibẹ̀ ni inú àwọn Mùsùlùmí yín máa dùn sí jù, àwọn ará Tọ́kì pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń ta falafel tó dà bí àkàrà, olifi àti èròjà ọbẹ̀ lóríṣiríṣi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ Schnitzel, ẹran pẹlẹbẹ tí wọ́n fi búrẹ́dì bò tí wọ́n dín, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìwé oúnjẹ dáadáa: Wiener Schnitzel gan-an, ẹran ọmọ màlúù ni òfin ní kí wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Schnitzel Wiener Art ni wọ́n kọ, ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, tẹ́ ẹ bá sì rí Schwein lára ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kéèkì ṣokoléètì wọn, Sachertorte, láti 1832 ni wọ́n ti ń ṣe é, jáàmù apricot wà nínú ẹ̀, lójú tèmi ó gbẹ díẹ̀, kírímù wàrà tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń gbà á sílẹ̀.

Bratislava, olú ìlú Slovakia, ò tóbi, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa rìn ín já, oúnjẹ wọn ni halušky, iyẹ̀fun àti pòtétò tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n bọ̀, wọ́n á wá da ṣíìsì àgùntàn lé e. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi ẹran sí i, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń fọ́n sórí ẹ̀.

Budapest wá ni ilé ata. Ẹ dé Ọjà Ńlá wọn, tí wọ́n ṣí ní 1897, lẹ́bàá afárá Liberty, ẹ ó rí ata gbígbẹ tí wọ́n so rọ̀ bíi pé ọdún ń bọ̀, ti Szeged àti ti Kalocsa ló lókìkí jù. Ata yẹn àti tiwa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni babańlá wọn ti wá. Èyí tó dùn wà, èyí tó ta wà, ẹ sọ pé èyí tó ta lẹ fẹ́, ẹ sì ra Erős Pista, ata lílọ̀ inú ìgò ni, ìyẹn á ṣe yín lóore lórí tábìlì inú ọkọ̀ tí kò ní ata. Ẹ jẹ halászlé, ọbẹ̀ ẹja odò tó pọ́n fòò. Gulyás náà, ọbẹ̀ ẹran màlúù ni, àmọ́ àwọn ará Họ́ngárì láti ayébáyé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín àlùbọ́sà, torí náà kí ẹ̀yin Mùsùlùmí béèrè kí ẹ tó jókòó, ì báà jẹ́ ọbẹ̀ ẹja. Lálẹ́, ẹ padà sínú ọkọ̀ lásìkò, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló máa ń yí po lójú odò kí èrò lè rí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pẹ̀lú iná. Ẹ má sùn lọ́jọ́ yẹn o, mo bẹ̀ yín.

Físà Schengen, ìyẹn físà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ẹyọ kan ló gba gbogbo ọ̀nà yìí. Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa pẹ́ sí jù lẹ máa kọ̀wé sí, lójú ọ̀nà yìí Ọ́síríà ló sábà máa ń jẹ́, ẹ ka ọjọ́ yín dáadáa. Yúrò 90 ni owó físà fún àgbàlagbà, inṣọ́ránsì ìrìnàjò yín ò gbọdọ̀ dín ní Yúrò 30,000. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé aṣọ ẹgbẹ́ fún télọ̀, ẹ má dúró de Iléyá. Ẹ má sì di kílíṣí tàbí ẹran gbígbẹ sínú báàgì, òfin wọn ò gba ẹran àti wàrà láti ìta wọlé.

Ìbéèrè: Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Ṣàgámù, mo ṣì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orúnkún ń dùn mí. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ ní December, a gbọ́ pé ọjà Kérésì wọn rẹwà.

Ìdáhùn: Ó rẹwà sà, pàápàá ti Vienna níwájú ilé ìjọba ìlú. Àmọ́ ẹ má mú Kérésì gan-an, ọ̀pọ̀ ọjà wọ̀nyẹn ní Jámánì ló ti máa ń ká kúrò nílẹ̀ ní December 24, ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ o, omi lè dì, òkùnkùn sì ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ra bàtà tí kì í yọ̀.

Ti orúnkún ni kẹ́ ẹ rò dáadáa. Òkúta ni ilẹ̀ àwọn ìlú àtijọ́ yẹn. Ọkọ̀ sì máa ń so mọ́ ara wọn ní èbúté tí àyè ò bá sí, ẹ ó wá gba inú ọkọ̀ ẹlòmíràn kọjá kẹ́ ẹ tó dé ilẹ̀, nígbà míì àtẹ̀gùn òkè lẹ máa gbà. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: ṣé lífítì wà, yàrá wo ló sún mọ́ ọn, ṣé wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọra rìn? Ọ̀pọ̀ ló ní i. Bó ṣe wù kó rí, ẹ má fo Passau, dùùrù kàtídírà St. Stephen níbẹ̀ ní fèrè tó ju 17,000 lọ, ó wà lára àwọn tó tóbi jù láyé, ẹ wádìí ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ ìrìnàjò.

Ìbéèrè: Ejẹ́ǹtì kan ní kí n san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan sínú àkáǹtì òun, ó ní físà dájú, ó ní ọkọ̀ tèmi máa dé Belgrade kó tó padà sí Budapest. (Ọ̀dọ́kùnrin, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Àbúrò, kò sí ejẹ́ǹtì kankan tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí físà, ẹ́ḿbásì ló ń pinnu. Má san owó sínú àkáǹtì ẹnì kan, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ni kó o san án fún, kó o gba rìsíìtì. Belgrade wà ní Sẹ́bíà, Sẹ́bíà ò sì sí nínú Schengen, tó o bá fi físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan jáde lọ síbẹ̀, kò ní í gbé ẹ padà wọ Budapest, èyí tó gba ìwọlé lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó o béèrè.

Tún bi ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ omi. Lọ́dún 2022 odò gbẹ débi pé ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì tó rì látayé Ogun Àgbáyé Kejì yọrí lójú Danube ní Sẹ́bíà. Ní September 2024 ẹ̀wẹ̀ omi kún, ọkọ̀ èrò há sí Vienna fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, bọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń fi gbé èrò lọ sínú ọkọ̀ mìíràn. Jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa ṣe àti iye tí wọ́n máa dá padà sínú ìwé fún ẹ, kó o tó yọ kọ́bọ̀.