Ẹ Bi Mí: Ọ̀nà Ilé Ìwé Àwọn Ọmọ Mi Ń Bà Mí Lẹ́rù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìtòsí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa ń dá títì kọjá lọ sí ilé ìwé. Ọlọ́kadà kì í dúró, mọ́tò kì í rọra. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní àwọn á da kọnkéré fi ṣe bọ́ǹpù fúnra àwọn. Bàbá wọn ní kí n ṣáà kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá títì, pé ìyẹn tó. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á dá wọn sí. Ẹ kọ́ wọn lóòótọ́: kí wọ́n dúró, kí wọ́n wo òsì, kí wọ́n wo ọ̀tún, kí wọ́n tún wo òsì kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n “ìyẹn tó” tí bàbá wọn wí ni mi ò fara mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò tíì lè fojú díwọ̀n eré mọ́tò tó ń bọ̀. Kì í ṣe àìgbọ́ràn, ọjọ́ orí ni. Àgbàlagbà tó ń wa mọ́tò ló yẹ ká dá lẹ́kun, títì tí a bá sì ṣe dáadáa ló lè dá a lẹ́kun. Mo ṣiṣẹ́ ètò ìlú títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò rí ìwàásù tó ṣe é rí.

Eré ni ọ̀rọ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí mọ́tò bá gbá ẹlẹ́sẹ̀ lórí eré kìlómítà 65 ní wákàtí kan, ewu ikú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin àtààbọ̀ ti ẹni tí mọ́tò gbá lórí 50. Níbi tí ọmọdé àti mọ́tò bá ti jọ ń lo títì, 30 ni kó mọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá àwọn ọ̀dọ́ yẹn dúró. Bọ́ǹpù àfọwọ́ṣe máa ń ga ṣóńṣó bí ògiri kékeré, wọn kì í kùn ún lọ́dà, ọlọ́kadà tó gbé aboyún á sì já lù ú lóru. Bọ́ǹpù gidi gùn tó mítà 3.7 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí 10 lọ ní gíga. Ẹni tó rọra ò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀, ẹni tó sáré ni ìdí rẹ̀ á gbọ́ ọ. Èyí tó tún dára jù ni kí wọ́n tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọjá gan-an, kí ó bá ẹsẹ̀ títì (ọ̀nà àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì) dọ́gba, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun ya á, kí àmì sì ti wà lókèèrè.

Ẹsẹ̀ títì gan-an ńkọ́? Mo rí ọmọbìnrin kan nítòsí ọjà tó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú: gọ́tà tó lanu wà lápá ọ̀tún rẹ̀, atẹ tòmátì àti agboòrùn dí iwájú. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ sórí títì, kẹ̀kẹ́ Màrúwá sì ha àpò ìwé rẹ̀ kọjá. Mi ò ní kí wọ́n lé ìyá alátẹ o! Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni oníbàárà rẹ̀. Kí wọ́n fi kọnkéré tó ṣeé ṣí bo gọ́tà, kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gba orí rẹ̀, kí wọ́n sì fa ìlà tí atẹ ò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹ má dá lọ. Ẹ̀yin, ọ̀gá ilé ìwé àti ẹgbẹ́ àwọn onílé, ẹ jọ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ ya àwòrán ibẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ títì ìjọba àpapọ̀ ni, kí wọ́n bá yín gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1971, ó lé ní 400 ọmọdé tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní Netherlands. Àwọn òbí ibẹ̀ tú síta, wọn ò sì sinmi títí ìjọba fi ń tún títì ṣe. Àwa náà ò kẹ̀rẹ̀: Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ ní 1977, tí Wole Soyinka wà nídìí rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1988.

ÌBÉÈRÈ: Mà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fi ń lọ sóko. Wọ́n ní kí n máa dojú kọ mọ́tò kí n lè rí i. Ṣé òótọ́ ni? — Bàbá Àgbẹ̀

ÌDÁHÙN: Rárá o, bàbá. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbi tí kò sí ẹsẹ̀ títì ló ń dojú kọ mọ́tò. Ẹ̀yin, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ gbà, bí mọ́tò ṣe ń lọ. Bí ẹ bá dojú kọ ọ́, eré tiyín àti tirẹ̀ á pàdé, ẹni tó ń yà jáde láti àdúgbò ò sì ní wo apá ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ fi iná pupa sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, pàápàá bí ẹ bá ń pẹ́ lóko.