Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé àbẹ́là ni wọ́n fi ń ra ápù lára?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ọsàn àti tòmátì ni mo ń tà ní Bódìjà. Àwọn ènìyàn ń sọ pé àbẹ́là ni àwọn òyìnbó ń yọ́ sí ara ápù tí ó fi ń dán, tí kì í sì í tètè bàjẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò léwu? Ṣé èmi náà lè fi òróró tàbí òrí ra ọjà mi lára? (Ìyá Ọlọ́sàn, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Ìda ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àbẹ́là tí a ń tàn. Ápù ní ìda tirẹ̀ láti orí igi. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìkórè, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá omi lọ, wọn á sì fi òmíràn rọ́pò. Èyí tí wọ́n sábà ń lò ni ìda kànáúbà, tí ó ń ti ara ewé ọ̀pẹ kan wá ní Bràsíìlì, tàbí ṣẹ́láàkì, oje tí kòkòrò kan ń sun sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà àti Táílàǹdì. Òun ni ohun funfun tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá fi èékánná ha ara ápù, jíjẹ rẹ̀ kò sì léwu.

Èso ṣì ń mí lẹ́yìn tí a ti já a: ó ń fa ọ́síjìn sínú, omi ara rẹ̀ sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí èèpo rẹ̀ yóò fi hunjọ. Ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń dín mímí yẹn kù, ó sì ń dá omi náà dúró. Dídín kù ni mo wí, n kò ní kí ẹ dí i pa. Bí ìpara bá nípọn jù, ara ọsàn á máa dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ti máa di ọtí, oníbàárà kì yóò sì mọ̀ títí yóò fi fi kàn ẹnu.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ òróró: kì í gbẹ, eruku ọjà á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Òrí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán máa ń yọ́ ọ.

Fún tòmátì, ohun tí ọwọ́ yín lè tètè tó ni gọ́ọ̀mù árábíìkì, oje igi tí àwọn Hausa ń pè ní káro, tí ó ń ti òkè Ọya wá. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Màléṣíà kéde pé tòmátì tí kò tíì pọ́n, tí a rì bọ inú omi tí ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ gọ́ọ̀mù yìí, lo 20 ọjọ́ láì bàjẹ́, láì sì yí adùn padà. Yàrá wọn tutù ju ìsọ̀ yín lọ fíìfíì, ìwọ̀n ooru 20 ní Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni, nítorí náà ẹ má fi iye ọjọ́ yẹn lérí. Èyí tí wọ́n ń tà fún jíjẹ ni kí ẹ rà. Ẹ po gíráàmù 100 mọ́ omi títí yóò fi pé lítà kan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ rì tòmátì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí àsẹ́ títí yóò fi gbẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣa àwọn tí apẹ̀rẹ̀ ti gún kúrò, nítorí pé ìpara kì í wo ọgbẹ́ èso. Abọ́ kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé èyí tí ẹ kò fi nǹkan kan ra sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá owó gọ́ọ̀mù náà ń padà wọlé.