Ṣé wáìnì pupa ń dáàbò bo ọkàn lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Obìnrin ẹni ọdún 52 ni mí. N kì í mutí, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa mu ife wáìnì pupa kan lálaalẹ́, pé ó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì dára fún ọkàn. Ife mélòó ló tó?

Ìdáhùn: Ẹyọ kan kò sí. Ẹ kì í mutí tẹ́lẹ̀, ẹ má tìtorí ọkàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń bi mí ní "mélòó" ti gbà pé oògùn ni, ìbéèrè yìí sì ti ń sú mi.

Ìtàn náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1992, òkìkí kàn pé àwọn ará Faransé ń jẹ ọ̀rá àti wàràkàṣì dáadáa, síbẹ̀ àrùn ọkàn ò fi bẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Ni wọ́n bá ní wáìnì ni. Ìwádìí tún ń jáde pé ẹni tó ń mu díẹ̀ ń pẹ́ láyé ju ẹni tí kì í mu rárá. Ó dáa, ta ni àwọn "tí kì í mu rárá" yìí? Àwọn kan nínú wọn ti mutí rí, àìsàn ló lé wọn kúrò nídìí rẹ̀: ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́, dókítà ti kì wọ́n nílọ̀. Ẹ wá kó irú wọn sápá kan, kí ẹ kó ẹni tó rí já jẹ, tí kì í fa sìgá, tó ń rìn dáadáa, tó ń fi ife kan sin oúnjẹ alẹ́ sápá kejì. Ta ni yóò kọ́kọ́ kú? Nígbà tí àwọn olùwádìí tún ìṣirò náà ṣe, tí wọ́n yọ àwọn aláìsàn yẹn kúrò, èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní náà pòórá.

Ẹlòmíràn á ní resveratrol ńkọ́, èròjà inú eèpo àjàrà tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ọkàn. Mílígíráàmù mélòó kan péré ló wà nínú odidi lítà wáìnì kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílígíráàmù ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí lára ènìyàn. Kí ẹ tó mu tó bẹ́ẹ̀, ọtí á ti pa yín. Ẹ rọra jẹ àjàrà.

Ohun tó dájú ni pé ẹ̀dọ̀ ń sọ ọtí di acetaldehyde, májèlé tó ń ba inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Láti 1988 ni IARC, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ewu jẹjẹrẹ ọmú sì ń lọ sókè kódà fún obìnrin tó ń mu ife kan lójúmọ́. Pupa ni o, funfun ni o, ọ̀kan náà ni.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ti ń mu ún díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀? N ò ní bá a jà. Kó ṣáà má pè é ní oògùn. Aláboyún, ẹni tó ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), metronidazole (Flagyl) tàbí oògùn oorun, ẹ yàgò fún un.

Ní tiyín, ọtí máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè mú kí òòyì kọ́ yín bí ẹ bá dìde lójijì lórí oògùn yẹn. N ò rí káàdì yín, nítorí náà ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí yí oògùn padà. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ fún dókítà tó ń tọ́jú yín.